Ẹni Tó Fọwọ́ Sí Ilé Kọ́ Ló Ń Wá Àga fún Ọmọ: Ìjọba Ìlú àti Ẹkùn Ilé-Ẹ̀kọ́ ní California

Ẹgbẹ́ yín ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ilé gbígbé àti ilé-ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ California yìí. Ọ̀pọ̀ yín ló ti ra ilé síbí. Àwọn tí kò tíì rà á, owó ilé ń jẹ wọ́n níyà lóṣooṣù. Ohun tó mú mi gbà láti wá ni pé nígbà tí kíláàsì ọmọ wa bá kún àkúnya, púpọ̀ nínú wa kì í mọ ẹni tó yẹ ká lọ bá. Ọ́fíìsì méyọ̀ là ń gbà lọ. Méyọ̀ á kí wa dáadáa, á fún wa lómi mu, á sì ní ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ òun. Òótọ́ ló sì ń sọ.

Nílé lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà, bí ilé-ìwé ìjọba bá bàjẹ́, a mọ̀ pé tí a bá bú ìjọba ìpínlẹ̀, a kò ṣi ẹnikẹ́ni bú. Níbí, ọ̀nà méjì ni agbára pín sí. Ìjọba ìlú ló ń pinnu ibi tí ilé gbígbé yóò wà, bí yóò ṣe ga tó, iye fúláàtì tí yóò wà nínú rẹ̀. Òun ló ń fọwọ́ sí ìwé ìkọ́lé. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ìjọba kan lọ́tọ̀: ó ní ìgbìmọ̀ tí àwọn ará ìlú dìbò yàn, ó ní àpò owó tirẹ̀, ó ní ilẹ̀ tirẹ̀, ó sì ní ààlà tirẹ̀. Ìlú tó wà ní California lé ní 480, ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ sì lé ní 900. Ààlà wọn kò bára mu rárá. Ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ Los Angeles gba ìlú Los Angeles mọ́ra, ó sì tún na ọwọ́ wọ inú ìlú kéékèèké tó lé ní ogún. Ẹkùn Elk Grove bo ìlú Elk Grove, ó gba apá kan lára Sacramento àti apá kan lára Rancho Cordova. Olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ìjọba ìlú mélòó ni kó máa bá ṣèpàdé?

Ohun tí èyí bí ni pé ẹni tó fọwọ́ sí ilé 500 kọ́ ni yóò wá àga fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ nínú ilé 500 náà. Ìgbìmọ̀ ìlú á ge rìbọ́ọ̀nù, wọ́n á ya fọ́tò. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ á máa to kíláàsì alágbèéká sórí pápá ìṣeré.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ owó ṣe dé ibi tó dé. Láyé àtijọ́, ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ tó bá nílò ilé tuntun á tọ àwọn olùdìbò lọ. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn bá gbà, á yá owó bọ́ǹdì, á sì fi owó orí ilé àti ilẹ̀ san án. Ní oṣù kẹfà ọdún 1978, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Proposition 13. Ó fi òté lé owó orí ilé: kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé náà, iye tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ fún ilé kan kò gbọdọ̀ fi ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dún, àfi bí wọ́n bá tà á fún ẹlòmíràn. Àwọn arúgbó tí owó orí fẹ́ lé kúrò nílé wọn jàǹfààní rẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó dí ọ̀nà bọ́ǹdì tuntun pa mọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́jọ gbáko, títí òfin mìíràn fi ṣí i ní 1986. Ilé gbígbé kò dúró de ẹnikẹ́ni láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn.

Nínú ọdún 1986 kan náà ni àwọn aṣòfin ní Sacramento fún ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ láṣẹ láti gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ilé tà: dọ́là kan àti àádọ́ta sẹ́ǹtì lórí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó fún ilé gbígbé, sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún ilé ìtajà. Ilé tó fẹ̀ tó 2,000 ẹsẹ̀ bàtà, $3,000 ni wọ́n á san lórí rẹ̀. Kò tó rárá. Àwọn ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ wá lọ rọ ìjọba ìlú pé, “Ẹ má fọwọ́ sí i mọ́ títí a ó fi ráyè.” Ní San Diego, ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ láti yí ìlànà ìlò ilẹ̀ padà fún ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan tó ń jẹ́ Mira, lára ìdí tí wọ́n sọ sì ni pé ilé-ẹ̀kọ́ kò tó. Ilé-iṣẹ́ náà pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1988, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbè sẹ́yìn ìlú. Nígbà tó di 1991, ẹjọ́ méjì mìíràn, ọ̀kan láti agbègbè Los Angeles, ọ̀kan láti Riverside, tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ lè wo ti ilé-ẹ̀kọ́ kó tó yí ìlànà ilẹ̀ padà.

Fún bí ọdún mẹ́wàá, apá ìjọba ìlú àti ti ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ so pọ̀. Kò sí ẹni tó fi ìfẹ́ so wọ́n. Kóòtù ló so wọ́n. Àwọn akọ́lé sì ń sunkún.

Ní 1998, ẹkún wọn dé etí aṣòfin. Òfin tí wọ́n ń pè ní SB 50 jáde, wọ́n sì so ó mọ́ bọ́ǹdì ìpínlẹ̀ tó tó bílíọ̀nù mẹ́sàn-án ó lé igba mílíọ̀nù dọ́là, tí àwọn olùdìbò fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Àdéhùn tó wà nínú rẹ̀ nìyí: ìpínlẹ̀ á san ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ tuntun, ẹkùn á wá ìdajì tó kù, àwọn akọ́lé á san iye tí òfin là sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti san án, ọ̀rọ̀ tán. Òfin ní owó yẹn tó, ó pé, kò kù síbì kan. Ìjọba ìlú kò gbọdọ̀ sọ mọ́ láé pé òun kò fọwọ́ sí ilé kan nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ kò sí.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ tó wà láàárín wa kórìíra òfin yìí. Èmi kò kórìíra rẹ̀ pátápátá. Àwọn ìlú kan wà tí wọ́n fi “ilé-ẹ̀kọ́ ti kún” ṣe ọgbà, kí fúláàtì má baà wọ àdúgbò wọn. Ta ló ń gbé fúláàtì? Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, awakọ̀ tó lọ́mọ mẹ́ta, èmi àti ìwọ lọ́dún tí a kọ́kọ́ balẹ̀. Bí òfin bá gba irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, n kò lè bá wọn ṣọ̀fọ̀. Níbi tí òfin náà ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ó pe owó ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní 2024, owó tí àwọn akọ́lé ń san yìí ti di $5.17 lórí ẹsẹ̀ bàtà kan. Ilé 2,000 ẹsẹ̀ bàtà, $10,340 nìyẹn. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n owó kì í bí ilẹ̀. Bí gbogbo ilẹ̀ àdúgbò bá ti di ilé tán, ẹkùn tó gbé owó lọ́wọ́ á máa wá ibi tí yóò gbé e lé.

Àpò ìpínlẹ̀ náà kì í fìgbà gbogbo kún. Lẹ́yìn bọ́ǹdì ọdún 2006, ọdún mẹ́wàá kọjá kí òmíràn tó jáde ní 2016. Èyí tí wọ́n gbé wá ní oṣù kẹta 2020, tó tó bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn olùdìbò dà á nù. Ó di oṣù kọkànlá 2024 kí wọ́n tó fọwọ́ sí bílíọ̀nù mẹ́wàá. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní lọ́dún tí àpò gbẹ, ó lè jáde girama kó tó rí bíríkì tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n ya síbi ìwé owó orí tí ẹ ní nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ra ilé sí ẹ́sítéètì tuntun, ẹ ó rí ìlà kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ Mello-Roos sí. Ọ̀pọ̀ ló rò pé owó jìbìtì ni. Orúkọ aṣòfin méjì ni, Henry Mello àti Mike Roos, tí wọ́n gbé òfin náà kalẹ̀ ní 1982 láti wá ọ̀nà yí Proposition 13 ká. Ìlú tàbí ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ lè ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀, kí ó fi owó orí pàtàkì lé e, kí ó yá owó lórí rẹ̀ láti fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀nà àti páàkì. Ìdá méjì nínú mẹ́ta olùdìbò ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀ kò bá tó méjìlá, onílẹ̀ ló ń dìbò, éékà kan, ìbò kan. Nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà lóko, akọ́lé nìkan ni onílẹ̀. Òun ló dìbò, ẹ̀yin ló ń san án. Bí ó ti wù kó rí, lára owó yẹn ni wọ́n fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń fọ́nnu sí àwọn ará ilé lórí WhatsApp. Níbi tí ìlú, ẹkùn àti akọ́lé bá ti jókòó pọ̀ kí wọ́n tó la ọ̀nà, ilé-ẹ̀kọ́ máa ń ṣí lásìkò. Ọ̀rọ̀ owó le, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àsìkò le jù ú lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àìjókòópọ̀ ń ná ènìyàn, ẹ wo Los Angeles. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 síwájú, àárín ìlú àti ìlà oòrùn rẹ̀ kún fún àwọn tó ń wọ̀lú láti Mexico àti Central America, àwọn ará Korea náà sì pọ̀ sí i. Ilé kan náà tí ẹbí kan ń gbé, ẹbí méjì ló wá ń gbé e. Ilé-ẹ̀kọ́ kò pọ̀ sí i. Ẹkùn náà wá ń kó ọmọ sínú bọ́ọ̀sì lọ sí San Fernando Valley láràárọ̀, ó sì dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Concept 6. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí ọ̀nà méjì bá wà ní kíláàsì, ọ̀nà kẹta á wà nílé. Ilé-ẹ̀kọ́ kì í ti ilẹ̀kùn yípo ọdún. Ọjọ́ 163 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lò nínú kíláàsì dípò 180. Wọ́n fi ìṣẹ́jú kún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kí ìṣirò lè jọra, ṣùgbọ́n ọmọ tó lo ọdún mẹ́fà nínú rẹ̀ pàdánù ọjọ́ 102.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ní Èkó ṣáájú 1980, ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ilé-ìwé àárọ̀, ilé-ìwé ọ̀sán. Àwọn ará ọ̀sán á dúró sábẹ́ igi kí àwọn ti àárọ̀ tó jáde. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande di gómìnà ní oṣù kẹwàá 1979, ohun tó kọ́kọ́ dojú kọ nìyẹn. Ó kọ́ kíláàsì kíákíá, ó sì fòpin sí ti ọ̀sán. Àwọn kan fi kíláàsì náà ṣẹ̀sín pé kò lẹ́wà, wọ́n ní ó jọ ilé adìẹ. Ìjọba kan náà ló sì ń kọ́ ẹ́sítéètì Jakande káàkiri Èkó nígbà yẹn. Ilé àti kíláàsì wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kò sì sí ẹni tó lè ti ẹ̀bi sí ẹnìkejì.

Los Angeles kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Títí di 1997 kò tíì sí owó bọ́ǹdì gidi lọ́wọ́ ẹkùn náà; nígbà tí owó dé, ilẹ̀ ti wọ́n bí ojú. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní Belmont, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fa epo rọ̀bì jáde tẹ́lẹ̀, ni wọ́n dá dúró láàárín ọ̀nà nítorí gáàsì tó ń yọ láti inú ilẹ̀. Ó di 2008 kó tó ṣí, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Ní Koreatown, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ilé-ẹ̀kọ́ ni ti hòtẹ́ẹ̀lì Ambassador, níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa Robert Kennedy ní 1968. Ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ ẹ. Àwọn oníṣòwò tí Donald Trump wà lára wọn náà ti rà á ní 1989, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé alájà 125 síbẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà ní kóòtù títí di 2001. Ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n sọ ní orúkọ Kennedy ṣí níbẹ̀ ní 2010, $578 mílíọ̀nù ni wọ́n ti ná. Bí ìlú àti ẹkùn bá ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ nígbà tí àdúgbò náà ń kún, èmi kò gbà pé yóò tó bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tuntun tí ẹkùn Los Angeles fi owó bọ́ǹdì kọ́ jẹ́ 131. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ ká yìn wọ́n. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ Concept 6 ti di òbí kí iṣẹ́ náà tó parí.

Ẹ̀bi kì í ṣe ti ìjọba ìlú nìkan. Ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe agídí. Òfin fún ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ láyè, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn bá gbà, láti kọ́ kíláàsì síbi tí ìlànà ìlú kò fẹ́ ẹ. Wọ́n lè kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́bàá títì tí kò ní ibi tí ẹsẹ̀ lè rìn, kí ìjọba ìlú sì máa sáré wá àwọn tó ń dá mọ́tò dúró fún ọmọ. Ìjọba ìlú kì í sì í yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò bóyá ó lágbára: ọ́fíìsì ayàwòrán-ilé ìpínlẹ̀ ló ń ṣe ìyẹn láti 1933. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ọdún náà ni ilẹ̀ mì ní Long Beach, ní bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Nǹkan bí àádọ́rin ilé-ẹ̀kọ́ wó. Wákàtí díẹ̀ ṣáájú ni àwọn ọmọ ti jáde. Láàárín oṣù kan, àwọn aṣòfin ti ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Field Act. Nígbà tí ilé gbígbé tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta-Fájì, Èkó, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta 2019, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì, ènìyàn ogún ló sì kú. Mo fi èyí sílẹ̀ síbẹ̀.

Ibi tí ìjọba méjèèjì ti jókòó pọ̀ náà wà. Emeryville, ẹ̀gbẹ́ Oakland, kò fẹ̀ ju máìlì kan àti díẹ̀ níbùú lóròó. Ààlà ìlú àti ti ẹkùn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan, ìyẹn ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n kọ́ ibì kan ṣoṣo tí ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìkàwé, odò ìwẹ̀ àti gbọ̀ngàn eré ìdárayá wà; ọmọ ń lò ó lọ́sàn-án, ará ìlú ń lò ó lálẹ́. Ó ṣí ní 2016. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, ìpínlẹ̀ pa àwọn àjọ àtúnṣe ìlú rẹ́, èyí tí Emeryville gbẹ́kẹ̀ lé fún apá kan owó náà. Wọ́n gé díẹ̀ kúrò lára ètò wọn, wọ́n sì kọ́ ọ síbẹ̀.

Ó ku ohun kan tó ti yí padà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì fiyè sí i. Àwọn ọmọ ń dínkù. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní California lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọn kò tó mílíọ̀nù mẹ́fà mọ́. Los Angeles tó ní ọmọ tó lé ní 700,000 kò ju nǹkan bí 400,000 lọ mọ́. Ilé ló wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ ń kó lọ sí Texas àti Nevada, àwọn tó kù kò bímọ púpọ̀. Owó tí ìpínlẹ̀ ń fún ẹkùn sì ń tẹ̀ lé iye ọmọ. Ẹkùn tó ń bẹ ìlú lánàá pé kó má kọ́lé mọ́, òun náà ló ń bẹ̀ ẹ́ lónìí pé kó kọ́lé kíákíá. Ilẹ̀ tó ti ń ṣòfò lọ́wọ́ wọn wá di ọjà. Òfin kan láti 1980 ní bí wọ́n bá fẹ́ ta pápá ìṣeré tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ìjọba ìlú lè ra apá kan rẹ̀ ní owó tó rẹlẹ̀ sí ti ọjà kí pápá má baà parẹ́. Òmíràn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2024 gba ẹkùn láyè láti kọ́lé fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, bí ìlànà ìlú kò tilẹ̀ tíì fàyè gbà á. Daly City ti ṣe é kí òfin yẹn tó dé: àwọn olùdìbò fọwọ́ sí bọ́ǹdì $33 mílíọ̀nù ní 2018, fúláàtì 122 fún àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ sì ṣí ní 2022. Èmi fẹ́ràn èyí ju gbogbo ohun tí mo ti ka sílẹ̀ lọ. Olùkọ́ tó ń gbé ládùúgbò máa ń dúró pẹ́.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ìgbìmọ̀ ètò ìlú yín bá ń jíròrò lórí ẹ́sítéètì tuntun, ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pe ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ sí ìpàdé. Òfin fún ẹkùn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìpàdé bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìlú bá fẹ́ yí ètò rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó bi wọ́n, wọ́n lè gbàgbé. Ẹ̀yin tí ẹ ti di ọmọ orílẹ̀-èdè, ẹ̀ ń dìbò fún ààrẹ, ẹ̀ ń fi ìsàlẹ̀ ìwé ìdìbò sílẹ̀ lófìfo, níbi tí orúkọ ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wà. Ẹ̀yin òbí ní San Francisco tí ẹ kò tíì gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè, ìlú fún yín láyè láti 2016 láti dìbò fún ìgbìmọ̀ yìí nìkan. Ẹ kọ́kọ́ bá lọ́yà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, nítorí ti ìwé ìgbélùú yín. Ẹ má tún gba ọ́fíìsì méyọ̀ lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kíláàsì mọ́. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yín ń jókòó ní gbangba lóṣooṣù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún yín láyè sọ̀rọ̀. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀.